Pákó Méjìlá Iwájú Ilé Ìyá Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá kí mi, gbogbo yín lẹ ti bi mí ní ìbéèrè kan náà rí. Ẹ ó wa ọkọ̀ dé abẹ́ ilé mi, ẹ ó so ó mọ́ òpó, ẹ ó gun àkàbà, ẹ ó sì rí i pé afárá pákó tó dára wà níwájú ilé mi, pákó tó nípọn, tí ìṣó rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ ó wò ó lọ, ẹ ó wò ó bọ̀, ẹ ó ní, "Màmá Tíṣà, afárá yín yìí, ibo ló já sí?" Mo máa ń ní kí ẹ jókòó jẹ púpúrú. Lónìí mo fẹ́ dáhùn. Kì í ṣe pé ìdáhùn náà wù mí í sọ. Ìwé kan ló wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ Ajé, kò jẹ́ kí n rí oúnjẹ jẹ dáadáa.

Tèmi, ọmọ ọmọ mi, ló gbé e wá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ti para pọ̀ di ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, wọ́n fẹ́ yá owó ní ọ́fíìsì kan ní Igbókọ̀dá. Wọ́n fẹ́ fi ra edé ní àsìkò rẹ̀, kí wọ́n sá a, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn, kí wọ́n máa tà á fún àwọn ará ìlú òkè lórí fóònù. Ọ́fíìsì ní kí wọ́n mú àgbàlagbà kan tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì wá, kó ṣe onídùúró. Èmi nìyẹn. Bí n kò bá fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àyè wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, àsìkò edé kò sì ní dúró dè wọ́n. Bí mo bá fọwọ́ sí i, tí ọ̀kan nínú wọn kò rí owó san, àwọn mẹ́rin yòókù ló máa san án. Bí àwọn náà kò bá rí i san, wọ́n á wá sọ́dọ̀ mi.

Ìyẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Mo ń ka orúkọ wọn lọ sílẹ̀ títí mo fi dé ìkarùn-ún. Bọ́sẹ̀ ni. Ọmọ ọmọ Ìyá Ẹ̀bùn. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí abúlé wa ti rí, torí èyí tí ẹ ń wò yìí kò jọ ọ́. Orí omi la ń gbé nígbà náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé lónìí, ilé lórí òpó, ẹrẹ̀ lábẹ́, omi tó ń ga tó sì ń fà. Ṣùgbọ́n afárá pákó kan ṣoṣo ló gba iwájú gbogbo ilé kọjá, láti èbúté títí dé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà ní ìparí. Kò sí ìjọba tó ṣe é. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ́ pákó iwájú tirẹ̀. Bí pákó bá jẹrà níwájú rẹ, ìwọ lo máa pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá ọ tẹ́ ẹ, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ. Ilé olóògbé nìkan ni ará ìta máa ń tẹ́ pákó síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ síwájú ilé alààyè ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òkú ni onílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló sé ọ̀nà mọ́ wa.

Láti èbúté, ẹ ó kan ilé Alága, tí mo ṣì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé Ìyá Ẹ̀bùn, lẹ́yìn náà tèmi, lẹ́yìn tèmi ilé bíi mẹ́fà, kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ ìkórè, gbogbo obìnrin á wọ aṣọ funfun, wọ́n á to lẹ́sẹẹsẹ láti èbúté, wọ́n á máa kọrin lọ lórí pákó, pákó náà á sì máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Láti inú ilé ni mo ti máa ń mọ̀ bí wọ́n ti pọ̀ tó.

Ohùn tí n kò gbọ́ mọ́ jù lọ ni ti ọmọrí ìkòkò. Bí ọkọ obìnrin kan bá ti òkun dé tí ẹja pọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, obìnrin náà á mú ọmọrí ìkòkò irin, á máa fi lu òpó ilé. Ẹja kì í dúró, oòrùn wa kì í sì í ṣeré. Obìnrin tó bá gbọ́ á mú ọ̀bẹ, á gba orí pákó lọ. Àáró la ń pè é. Lónìí a bá ọ la ẹja, a fọ̀ ọ́, a tò ó sórí wáyà, a dáná èéfín sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá kan tèmi, ìwọ náà á wá. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé ìjọ, n kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. A mọ ilé kọ̀ọ̀kan nípa ohùn tirẹ̀. Tèmi ń dún gooro bí agogo ilé ìwé. Ọmọrí ìkòkò Ìyá Ẹ̀bùn ti sán létí, ó ń dún bí àgbàlagbà tó ń wúkọ́. Mo máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́ pé kó se àgbo fún òpó ilé rẹ̀. Òun náà á ní tèmi ń pe ọmọ wọ kíláàsì ni, kì í pe ẹja.

Ọkọ kì í fún ìyàwó ní ẹja lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyàwó ló ń ra ẹja lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, á yan án, á tà á ní Igbókọ̀dá, wọ́n á sì jókòó ṣírò rẹ̀ nígbà tí àsìkò bá parí. Bí àwọ̀n bá ya, ìyàwó ló ń yọ owó fún òmíràn, ọkọ á fi ẹja san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni gbogbo wa ń sọ. "Ó di ìgbà òjò." "Ó di ìgbà tí ẹja ṣáwá bá wọlé." Bí àsìkò kan bá burú, a ó dúró de òmíràn. N kò sọ pé ayé ìgbà yẹn dùn. Ebi pa wá. Ewé ọ̀gọ̀rọ̀ la fi bo ilé, òjò sì ń bá wa sùn. Ọmọ kú lọ́wọ́ wa torí kò sí owó ọkọ̀ tó máa gbé e dé ọsibítù. Èmi fúnra mi sin ọ̀kan. Ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ tí aládùúgbò wọ ilé aládùúgbò lọ kó ohun èlò rẹ̀ jáde.

Nígbà tí owó oṣù tíṣà kò dé déédéé mọ́, èmi náà bọ́ sídìí ẹja yíyan. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ń yá obìnrin lówó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú òkè ni wọ́n rán wá. Ó de táì, ó wọ bàtà aláwọ tó ń dán, ẹ̀rù omi sì ń bà á gidigidi. Ńṣe ló máa ń fẹsẹ̀ wọ́ lórí pákó, tí á na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Ẹ̀bùn bi í níjọ́ kìíní pé, "Ọ̀gá, ṣé owó tí ẹ gbé wá ló wúwo báyìí, àbí ẹ̀rù?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ọmọ yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ó ní kí á pín ara wa ní márùn-ún márùn-ún. Obìnrin tó ń gbé lẹ́bàá èbúté, tó lówó díẹ̀ jù wá lọ, ló di alága wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ṣì wà láàyè, ó sì fẹ́ràn oyè náà, nítorí náà Alága ni mo máa pè é. Èmi ni akọ̀wé torí mo mọ̀wé. Ìyá Ẹ̀bùn wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn méjì tí wọ́n ti di olóògbé. Òfin náà kò gùn. Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan la máa san díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì tí a bá gba owó. Bí ẹnì kan kò bá san, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó máa rí owó ẹlẹ́ẹ̀kejì gbà. Èmi ni mo ka ìwé náà sí wọn létí, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, èmi ni mo ní ó dára. Agogo ilé ìwé ni mo fi ń ka ayé. N kò rò ó pé ṣáwá kò mọ Ọjọ́rú.

Ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé owó náà kò ṣe wá lóore. Kí ọdún tó yí po, páànù ti bo ilé mélòó kan. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé ìwé wọ bàtà. Ọkùnrin tó máa ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màdáàmù. Ìyá Ẹ̀bùn ra àgbá irin méjì tó fi ṣe ààrò ẹja àti wáyà tuntun, ó sì fi èyí tó kù ra pákó méjìlá, igi líle, ó tẹ́ ẹ síwájú ilé rẹ̀. Kò tíì sí irú rẹ̀ lórí afárá wa. Ó ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa rántí òun bí wọ́n bá ń kọjá.

Èmi ńkọ́? Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dárí jì í, èmi kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, gba owó tèmi fi ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó ní tiwa ni. Obìnrin kan wà ní Máhìntẹ̀dó, ẹ́ńjìnnì náà sì mọ ilé rẹ̀ ju ojú òkun lọ. Mo ń san owó ẹ́ńjìnnì ní Ọjọ́rú, ó ń gbé ọkọ mi lọ ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ẹ́ńjìnnì náà sí ìdí ọkọ̀ tí kò so dáadáa, omi gbé e. Ó wá sọ fún mi bí ẹni pé ó ń kéde òkú. Mo san owó rẹ̀ tán lẹ́yìn tó ti rì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ìlù ọmọrí ìkòkò ń dín kù. Ẹni tó bá lọ ṣe àáró fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè má rí tirẹ̀ tà kó tó di Ọjọ́rú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, ó ń la ẹja tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kankan jà. Ńṣe la kàn ń kánjú.

Ní ọdún kejì, koríko orí omi bo ojú odò láti bèbè dé bèbè. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì gba ọ̀nà jíjìn lọ sí òkun. Àjẹ̀ ni ọkọ Ìyá Ẹ̀bùn fi ń wa ọkọ̀, kò lè la koríko náà kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, Ìyá Ẹ̀bùn kò rí owó san. A dá a fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì, a tún dá a. Ní ìkẹta, Alága ní òun kò dá mọ́. Òótọ́ ni pé díẹ̀ ló kù lọ́wọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbàwọlé ti dé fún ọmọ mi obìnrin, ìyá Tèmi, pé kó wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, owó ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn sì ni mo gbójú lé. Bí Ìyá Ẹ̀bùn kò bá san, ọmọ mi kò ní lọ.

Ní Ọjọ́rú kẹrin, àwa mẹ́rin jókòó pẹ̀lú ọmọ báńkì tó ń yá wa lówó ní ilé Alága. Afẹ́fẹ́ ti gbá koríko kúrò lójú odò láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sán ti pọ́n. A wá gbọ́ ohùn kan, kó, kó, kó, bí ẹni ń wúkọ́. Ọmọrí ìkòkò Ìyá Ẹ̀bùn ni. Alága ní, "Ó wà nílé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ."

A dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kó ṣáwá dé, ọkọ̀ kún dẹ́nu, ẹja náà ń dán. Apá Ìyá Ẹ̀bùn tutù dé ìgúnpá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti to ọ̀bẹ mẹ́rin sílẹ̀ dè wá. Ó ní òun mọ̀ pé a óò gbọ́, pé kí á bá òun la èyí, pé tó bá di ọjọ́ Ajé òun ti tà á, gbogbo gbèsè á tán.

Alága kò mú ọ̀bẹ. Ó ní, "Ọjọ́rú ni òní."

Ìyá Ẹ̀bùn kò wo Alága. Èmi ló wò. Ó ní, "Tíṣà, bá mi sọ fún wọn. Ẹja nìyí."

Ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i. Mo ka iye tó jẹ síta, bí mo ṣe máa ń ka orúkọ ọmọ ní kíláàsì.

A yí àgbá rẹ̀ méjèèjì jáde, a ká wáyà rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe, ẹ̀yin ọmọ, torí títí di òní n kò mọ irú ọgbọ́n tó jẹ́. Ẹja tó máa san gbèsè wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀, a sì kó ohun tí ẹja náà máa gbẹ lé lórí lọ. Bí àwa mẹ́rin bá mú ọ̀bẹ tó tò sílẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la máa gba owó wa. Kò sẹ́ni tó rò ó. Ọjọ́rú ló wà lórí wa.

Ohun tí a kó kò tó iye tó jẹ. Alága wo ilẹ̀, ó na ìka sí pákó tuntun náà. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ rà á. Pákó iwájú ilé mi ti jẹrà nígbà náà, ẹsẹ̀ mi ti wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní èmi á san èyí tó kù, kí wọ́n kó o wá síwájú mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé Alága ló kó pákó Ìyá Ẹ̀bùn. Alága nawọ́ sí i, òótọ́ ni. Èmi ni mo rà á.

Wọ́n tú u, wọ́n gbé e wá, èmi fúnra mi kàn án. Nígbà tí ìṣó tó gbẹ̀yìn wọlé, mo gbé àpò mi, mo ní mò ń lọ sí èbúté. Mo rìn lórí pákó méjìlá tó dúró gbọn-in. Mo dé ìparí rẹ̀. Omi ló wà níwájú mi. Iwájú ilé Ìyá Ẹ̀bùn la ti tú u, ibẹ̀ náà la sì ń gbà lọ sí èbúté. Mo ti ra ọ̀nà tí mo ń tọ̀, mo sì ti sé e mọ́ ara mi. Ọmọ báńkì dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ó ní, "Mà, báwo ni mo ṣe máa padà?"

Ìyá Ẹ̀bùn ló fi ọkọ̀ gbé e lọ. Àárín ẹja ni ó jókòó sí, ó di etí ọkọ̀ mú. Ìyá Ẹ̀bùn wà á dé èbúté. Lọ́jọ́ kejì wọ́n da ṣáwá náà sódò. Kó tó pé oṣù kan, òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ kó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀kùn títì.

Alààyè ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè tẹ́ pákó síwájú ilé rẹ̀. Gbogbo àwa tó wà lápá ṣọ́ọ̀ṣì di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí èbúté tí ẹ lè sọ òkúta dé. Ní ìkórè ọdún náà, àwọn obìnrin wọ ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, etí aṣọ funfun wọn dúdú fún ẹrẹ̀. Wòlíì wa, tó ti máa ń gba ibẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, gbàgbé, ó ń ka Sáàmù lọ, ó sì rìn tààrà sínú omi. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó parí ẹsẹ tó ń kà kó tó béèrè aṣọ. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì wọlé lọ.

Ọmọ mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ṣe tán, ó gbéṣẹ́, ó bí Tèmi. Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì ló rán an lọ, owó ẹlẹ́ẹ̀kejì kò sì lè jáde bí a kò bá ṣe ohun tí a ṣe. Ẹ bá mi ro ó. Mo ti rò ó títí, orí mi kò gbé e. Bí ẹnì kan bá ní owó yíyá ba ayé wa jẹ́, ojú ọmọ mi ni mo ń rí. Bí ẹnì kan bá ní ó tún ayé wa ṣe, mo máa ń gbọ́ ọmọrí ìkòkò tó ń wúkọ́. Ní ọdọọdún ni Alága ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí pé owó náà ló kọ́ ilé fún òun, tó tún kọ́ àwọn ọmọ òun níwèé. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ohun tí kò sọ ló ń mú mi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, Ìyá Ẹ̀bùn fi owó rán awakọ̀ kan sí mi, iye tí mo san lórí pákó náà, ó pé. Ó ní kí n jọ̀wọ́ dá pákó òun padà, kí ọmọ òun lè wá tẹ́ ẹ sáyè rẹ̀. Inú bí mi pé kò wá fúnra rẹ̀, pé àjèjì ló rán. Mo ní kí awakọ̀ dá owó náà padà, mo ní pákó kì í ṣe ọjà. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, lẹ́nu ẹni tó rà á? Ojú ló tì mí. Bí wọ́n bá tú u níwájú mi, gbogbo èèyàn á rántí bó ṣe débẹ̀.

Mo kọ gbogbo èyí sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ní àárọ̀ òní, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọbìnrin márààrún wá nínú ọkọ̀ kan. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì, n kò tíì fọwọ́ sí i. Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí edé bá kọ̀ tí kò wọlé. Tèmi ní oṣooṣù ni wọ́n ń gbà á báyìí, kì í ṣe ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Òmíràn ní àwọn ti ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sínú kóló kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá há. Mo bi wọ́n bí owó inú rẹ̀ bá tán ńkọ́. Tèmi ní àwọn kò tíì rò ó débẹ̀. N kò mọ̀ bóyá èyí tó. Wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Àwa náà rò pé a gbọ́n.

Láti oṣù mẹ́ta ni Bọ́sẹ̀ ti wá ṣí ilé ìyá ìyá rẹ̀, tó ń gbé níbẹ̀, tó ń wọ ọkọ̀ wọlé. Ìgúnpá rẹ̀ jọ ti ìyá náà. Mo ní, "Ọmọ mi, pákó tí ẹ gùn wọlé níwájú ilé mi yẹn, ṣé o mọ ẹni tó ni ín?"

Ó ní, "Mo mọ̀, Mà. Màmá àgbà ní kí n kà á tí mo bá dé ibí. Wọ́n ní méjìlá ni."

"Ṣé o ti kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, láti inú ọkọ̀. Mọ́kànlá ni mò ń rí. Mo rò pé mi ò mọ̀ ọ́n kà ni."

Mo ní, "O mọ̀ ọ́n kà." Ọ̀kan ti ṣẹ́ mọ́ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ní ọjọ́ tó ti Máhìntẹ̀dó dé láti wá bẹ̀ mí. Ó wọ inú rẹ̀ dé ìgbáròkó, n kò sì yára fà á jáde. Mo sún àwọn mọ́kànlá tó kù jìnnà síra díẹ̀, kí àlàfo náà má baà hàn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ láti ìgbà náà.

Tèmi ń wo ojú mi bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo bi Bọ́sẹ̀ pé kí ni ìyá àgbà rẹ̀ tún sọ. Ó ní wọ́n ní kí òun kí mi. Ó ní ara wọn le díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ wá wo ilé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní wọ ọkọ̀ wọ ilé ara àwọn. Bí àwọn kò bá lè fẹsẹ̀ rìn láti èbúté, àwọn á jókòó sí Ẹ̀pẹ́.

Mo fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀, torí n kò lè sọ pé mo ní ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀. Edé ń bọ̀, àwọn ọmọ náà kò ní iṣẹ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe rí lọ́jọ́ tí mo ní ó dára. Mo sọ fún wọn pé ohun kan ni mo fẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá wà tí ọ̀kan nínú wọn kò rí san, tó sì lu ọmọrí ìkòkò, kí àwọn mẹ́rin mú ọ̀bẹ lọ kí wọ́n tó mú ìwé. Wọ́n bi mí pé kí ni ọmọrí ìkòkò. Mo ní mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lọ kà á.

Lẹ́yìn náà mo ní kí Tèmi mú òòlù wá. Ó ní, "Màmá, kí ni ẹ fẹ́ máa gbà jáde?" Mo ní iwájú ilé tèmi nìyẹn, mo lè tẹ́ ẹ fúnra mi ní ọjọ́ tó bá wù mí, kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n tú mọ́kànlá náà kí ọkọ̀ Igbókọ̀dá tó dé. Bọ́sẹ̀ ló tẹ́ gbogbo rẹ̀ síwájú ilé wọn, torí òun ni ọmọ onílé, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Alága jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó béèrè bóyá mo tún fẹ́ ta pákó ni. Mo ní mò ń dá a padà. Ó wọlé lọ.

Wọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá pẹ̀lú ìwé náà. Mo sọ fún Bọ́sẹ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí owó rẹ̀ máa rà, kó tó ra edé ẹyọ kan, ni pákó kan, igi líle, kí gígùn rẹ̀ bá àwọn yòókù mu. Èmi ìbá rà á, ṣùgbọ́n n kò lè tẹ́ pákó síwájú ilé alààyè. Àyè pákó kan ló ṣófo níwájú ilé wọn báyìí, lápá èbúté. Àwọn ọmọ náà fò ó kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, omi níwájú mi, mo ń wò ó. Ẹsẹ̀ mi kò lè gbà á kọjá. Ti ẹni tó wà ní Ẹ̀pẹ́ náà kò lè gbà á.